Orí Kẹrin: Láti Àtàn-Ọ̀tà dé Guangzhou, Bí A Ṣe Ń Ka Wákàtí Ìrìn Òfurufú

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fò lọ sókè òkun láti agbègbè wa yìí, láti Ṣàngó dé Ọ̀tà, Àtàn, Lúsàdà títí kan Àgbárá, kì í ṣe fàájì ni wọ́n ń bá lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń lọ wò: ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ọ̀rá píọ́wọ́tà, ẹ̀rọ tí ń tẹ ike, ẹ̀rọ tí ń lọ ike àlòkù. Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ wọn ń forí lé. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: “Wákàtí mélòó ni?” Onítíkẹ́ẹ̀tì á ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò parọ́, wákàtí tí bàálù fi ń fò nìkan ló kà. Àmọ́ ẹni tó bá gbára lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, tó wá ṣèlérí fún àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ kan ní Guangzhou pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá òun lọ́dọ̀ wọn, á já wọn kulẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ilé yín l'Átàn títí ẹ ó fi jáde síta ní pápákọ̀ Guangzhou, ẹ fojú wákàtí méjìdínlọ́gbọ̀n wò ó. Aago tibẹ̀ sì tún fi wákàtí méje ṣáájú tiwa.

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ yín ni bí ẹ ṣe máa ṣe ìṣirò náà fúnra yín, kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Bó ṣe jìnnà tó

Ẹ jẹ́ ká fi Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Ìlà ìbú, àwọn ìlà tó dábùú ayé, ni a fi ń mọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé. Pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà wà ní nǹkan bí dígírì 6.6 lápá àríwá. Heathrow wà ní 51.5. Ẹ yọ 6.6 kúrò nínú 51.5, ó ku 44.9. Tí èèyàn bá ń lọ tààrà sí àríwá, dígírì kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111. Ẹ fi fóònù yín sọ 44.9 di ìlọ́po 111, ẹ ó rí 4,984. Nǹkan bí 5,000 ni àwọn tó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ń kọ. Ìyọkúrò lásán ló gbé wa débẹ̀, nítorí pé Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òró kan náà, ìyẹn ìlà tó lọ láti àríwá sí gúúsù. Bàálù kàn ń dorí kọ àríwá ni, ó ń gba orí Niger, Algeria, òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé kọjá.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kìlómítà 5,000 yẹn náà ni máìlì 3,100, òun náà sì ni máìlì ojú omi 2,700, èyí tí àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò. Ẹni tí kò wo ohun tó wà lẹ́yìn iye lè rò pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ti Guangzhou kò gba ìyọkúrò lásán, torí ó wà lápá ìlà-oòrùn wa. Ẹ wá ayé róbótó kan, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì olùkọ́ níléèwé. Ẹ fi òwú ìránṣọ sórí Èkó, ẹ nà án kó le dáadáa dé Guangzhou. Ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn. Ẹnu á yà yín díẹ̀ bí ẹ bá rí ibi tí òwú náà gbà, torí kò jọ ìlà tí ẹ̀ bá fi rúlà fà lórí àwòrán ayé tó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ògiri. Ó gba orí Chad àti Sudan, ó gun Arébíà kọjá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba orí Dubai gan-an. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 11,700.

Òwú yẹn ló máa sọ irú ìlú tó yẹ kí ẹ ti pààrọ̀ bàálù fún yín. Ẹni tó bá gba Dubai kò fi ohunkóhun kún ọ̀nà rẹ̀: Èkó sí Dubai jẹ́ nǹkan bí 5,900, Dubai sí Guangzhou jẹ́ nǹkan bí 5,800. Ẹni tó bá gba Addis Ababa fi kìlómítà bíi 230 kún un péré, torí Èkó sí Addis jẹ́ nǹkan bí 3,900, Addis sí Guangzhou sì jẹ́ nǹkan bí 8,000. Cairo náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Istanbul á sọ ọ́ di nǹkan bí 12,500. Lọ́ńdọ̀nù á sọ ọ́ di 14,500, ìyẹn ni pé ẹ ti fi nǹkan bí kìlómítà 2,800 ṣòfò, ó ju ìdajì ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn láti gba Yúróòpù torí orúkọ. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé owó epo bàálù ni ẹ ń san.

Ilẹ̀ Yúróòpù tún ní wàhálà mìíràn. Láti oṣù Kejì ọdún 2022 tí ogun Ukraine ti bẹ́ sílẹ̀, Rọ́ṣíà ti ti ojú òfurufú rẹ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ òfurufú Bìrìtìkó àti ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Bí wọ́n bá ń lọ sí Ṣáínà, wọ́n ní láti yí gba ìsàlẹ̀, ìyẹn sì ń fi wákàtí kún ìrìn àjò wọn. Àwa náà tọ́ irú rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti ojú òfurufú wọn pa, kò sì ṣí títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ẹ rántí pé Niger wà láàárín Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù gan-an. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kìlómítà 5,000 tó wà nínú ìwé kò yí padà, àmọ́ ọ̀nà tí bàálù ń gbà ti gùn jù ú lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìròyìn ogun tàbí ìfipágbàjọba ní orílẹ̀-èdè kan tí òwú yín gba orí rẹ̀, ẹ pe onítíkẹ́ẹ̀tì yín kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé.

Bí kìlómítà ṣe ń di wákàtí

Bàálù ńlá tó ti gun òkè tán ń sáré nǹkan bí kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Àmọ́ kò lè sáré bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ó sì tún ń rìn nílẹ̀ kó tó fò àti lẹ́yìn tó bá balẹ̀. Ìlànà tí mo ń lò rèé: ẹ fi 850 pín kìlómítà, kí ẹ wá fi ààbọ̀ wákàtí kún un. Lọ́ńdọ̀nù: 5,000 tí a fi 850 pín jẹ́ bíi 5.9, ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kún un, ó di wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú bíi 25. Ẹ lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì Lọ́ńdọ̀nù èyíkéyìí, kò ní jìnnà síbẹ̀. Addis: bíi wákàtí márùn-ún. Addis sí Guangzhou: bíi mẹ́wàá. Dubai: bíi méje ààbọ̀.

Ohun tó ń da ìlànà yìí rú ni afẹ́fẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, ní ibi tí bàálù ńlá ń rìn, afẹ́fẹ́ líle kan wà tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ sí Ṣáínà ní afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ń forí kọ ọ́. Fún Amẹ́ríkà, òdìkejì rẹ̀ ni. Èkó sí Atlanta, kìlómítà bíi 9,400, ń gba ohun tó ju wákàtí méjìlá lọ ní àlọ, ṣùgbọ́n àbọ̀ rẹ̀ kì í sábà ju bíi mọ́kànlá lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú ìyàtọ̀ yìí, torí àríwá sí gúúsù ni ọ̀nà rẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ràn ìtàn: ọkọ̀ òfurufú VC10, tí àwọn òyìnbó ṣe fún àwọn pápákọ̀ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ló kọ́kọ́ ná gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ èrò, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1964. Nígbà yẹn, àwọn kan ṣì ń wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol láti Èkó lọ sí Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sì ni wọ́n ń lò lórí omi.

Kíka aago orí tíkẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Gbogbo aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ aago ìlú tí wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe aago Nàìjíríà. Addis fi wákàtí méjì ṣáájú wa, Dubai fi mẹ́ta ṣáájú wa, Guangzhou fi méje. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í yí aago wọn padà láàárín ọdún, bí àwa náà kì í ti í yí tiwa. Lọ́ńdọ̀nù ló ń yí tiẹ̀: láti Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago kan náà ni a jọ ń lò, nígbà òtútù, wọ́n á fi wákàtí kan sẹ́yìn wa.

Ká ní wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì yín pé ẹ kúrò ní Èkó ní 13:30, ẹ dé Addis ní 20:30. Ẹ kúrò ní Addis ní 00:15, ẹ dé Guangzhou ní 15:15. Ẹni tó bá ka 13:30 sí 20:30 á ní wákàtí méje ni. Rárá o. Ẹ yọ wákàtí méjì tí Addis fi ṣáájú, ó ku márùn-ún. Addis sí Guangzhou dà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Aago Guangzhou fi márùn-ún ṣáájú ti Addis, ẹ yọ ọ́, ó ku mẹ́wàá. Ìdúró yín ní Addis, láti 20:30 sí 00:15, jẹ́ wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: wákàtí méjìdínlógún àti ìṣẹ́jú 45. Bí ẹ bá fẹ́ dán ìṣirò yín wò, ẹ ka 13:30 tòní sí 15:15 ọ̀la, ó jẹ́ wákàtí 25 àti ìṣẹ́jú 45; ẹ yọ méje kúrò. Iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ẹ ti ṣi ọjọ́ kà níbì kan.

Ẹ wo àmì +1 kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìbalẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń sọ. Kíkéré tó kéré, ojú ẹlòmíràn kì í tó o.

Nípa ìdúró, èmi kò fẹ́ràn èyí tó bá kéré sí wákàtí méjì, bó ti wù kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dín owó tó. Bí ti Èkó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú 50 péré, tí ẹ tún tò síbi àyẹ̀wò ẹrù, ẹ̀yìn bàálù kejì ni ẹ máa rí. Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí eruku ń bo ojú Ìkẹjà, ẹ mú mẹ́ta ó kéré tán. Èyí tó bá ju mẹ́jọ lọ náà tún ní ìyọnu tiẹ̀: ẹni tó bá fi òru mọ́jú lórí àga irin kò ní lókun láti bá Ṣáínà dúnàá-dúrà.

Láti Àtàn dé Ìkẹjà

Bí ẹyẹ ti ń fò, Àtàn sí pápákọ̀ Ìkẹjà kò tó kìlómítà 30. Bàálù tó ti gun òkè ń sáré kìlómítà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi rin ohun tí ẹ̀yin lè fi odidi wákàtí mẹ́ta rìn nílẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà Guangzhou yìí, abala kékeré yìí nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà iye wákàtí rẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni Àtàn sí Ìyànà-Ìyẹsí, Ọ̀tà, Ṣàngó tàbí Tollgate, kí ẹ wá bọ́ sórí márosẹ̀ Abẹ́òkúta sí Èkó: Alákukò, Kollington, Ìjàiyè, Abúlé-Ẹ̀gbá, Ìyànà-Ìpájà, Dòpèmú, títí ẹ ó fi dé Ikeja Along. Láti ibẹ̀, ẹ lè ya gba inú Ìkẹjà, tàbí kí ẹ lọ tààrà dé Òṣòdì kí ẹ tó ya sí ọ̀nà pápákọ̀. Awakọ̀ tó mọ inú ìlú á fẹ́ gbé yín gba Ayọ̀bọ̀ àti Ìpájà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbà fún un. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ẹ má gbà: àdúgbò tí kò ní gọ́tà ni ẹ fẹ́ lọ há sí, táyà á sì rì.

Ẹ mọ àwọn ọjọ́ tó le. Àárọ̀ Sunday, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ sí Canaanland lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò pọ̀ lọ bí omi. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta èèyàn lórí ìjókòó nìkan. Ní oṣù Kejìlá, lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe àpéjọ Shiloh níbẹ̀, ẹ má tilẹ̀ gbìyànjú àtijáde láti Àtàn lọ́jọ́ tí ẹ máa fò. Ẹ ti sùn sí Ìkẹjà lálẹ́ àná rẹ̀. Tírélà tó ń ti Àgbárá bọ̀ gba Lúsàdà kò sì mọ ọjọ́ kankan lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá ti dábùú ọ̀nà, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ náà á dé ẹnu ọ̀nà ilé yín.

Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò ju báàgì kan lọ lè ro ti ọkọ̀ ojú irin. Red Line tí ìjọba Èkó ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024 ń gbéra láti Agbádó, tí kò jìnnà sí Ṣàngó, ó ń dúró ní Ìjú àti Agége kó tó dé Ìkẹjà. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo aago tó ń gbéra, kí ẹ sì rí i pé ẹ lè dé Agbádó lásìkò. Ẹni tó gbé ẹrù ńlá méjì, kó wá ọkọ̀ jàre.

Ìṣirò tiwa fún bàálù 13:30 rèé. Wọ́n á ní kí ẹ ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ìyẹn 10:30. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú á ti káńtà wọn nígbà tó bá ku wákàtí kan. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta fún ojú ọ̀nà, kí ẹ tún fi ìkan ààbọ̀ lé e fún táyà, òjò àti ọlọ́pàá. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé. Bí bàálù yín bá ń fò ṣáájú aago mọ́kànlá àárọ̀, ìmọ̀ràn mi kò yí padà: ẹ lọ sùn sí Ìkẹjà. Owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan kò tó ìdajì ohun tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ yín láti yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ ibi tó ń lọ gan-an. MM2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, àwọn tó ń lọ sí Àbújá tàbí Port Harcourt ló wà fún. Ti òkè òkun pín sí méjì: ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣí ní 1979, tí wọ́n fi pápákọ̀ Schiphol ti Amsterdam ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, àti ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onítíkẹ́ẹ̀tì èwo ni bàálù yín ń lò, kí ẹ sì tún bèèrè lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó bá ku ọjọ́ méjì, torí wọ́n ń ṣí wọn kiri. Àwọn kan ti bi mí nípa pápákọ̀ tí Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìpẹru. Láti Àtàn, Ìkẹjà ló ṣì sún mọ́ wa jù.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ dé

Ìpàtẹ ọjà Canton, tí wọ́n ti ń ṣe ní Guangzhou láti 1957, máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìpele àkọ́kọ́, tí àwọn oní-ẹ̀rọ máa ń pàtẹ sí, ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ márùn-ún ló sì ń gbà. Ẹ má ṣe dé lọ́jọ́ 14. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Guangzhou ni aago méjì òru l'Átàn, ara yín á sì ṣì máa rò pé òru ni. Ẹni tí oorun ń kùn bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò mọ̀ pé iye tí wọ́n pè fún ẹ̀rọ kò kan mọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ 13 ni kí ẹ dé, kí ẹ sùn dáadáa ní alẹ́ méjì.

Ìyàtọ̀ wákàtí méje yìí tún kan ẹni tó jókòó sílé. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́hùn-ún, aago mọ́kànlá àárọ̀ ló jẹ́ níbí. Ẹ pè wọ́n kó tó di ìgbà yẹn.

Àbọ̀

Ṣáínà sí Addis á gba wákàtí mọ́kànlá dípò mẹ́wàá, nítorí afẹ́fẹ́ tí mo sọ. Ká ní ẹ kúrò ní Guangzhou ní 00:30 ọjọ́ 20, ẹ ó dé Addis ní 06:30, ẹ ó kúrò níbẹ̀ ní 09:00, ẹ ó sì balẹ̀ sí Ìkẹjà ní 12:15 ọjọ́ 20 kan náà. Ó dà bíi pé ẹ kò lò ju wákàtí méjìlá lọ, bẹ́ẹ̀ wákàtí méjìdínlógún àti ìṣẹ́jú 45 ni, bíi ti àlọ.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni 00:30 yẹn. Bàálù tó ń fò ní 00:30 ọjọ́ 20, alẹ́ ọjọ́ 19 ni ẹ gbọ́dọ̀ ti wà ní pápákọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹni tó bá rí “ọjọ́ 20” lórí tíkẹ́ẹ̀tì, tó wá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ 19, bàálù á ti já a sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi báírò kọ “ALẸ́ ỌJỌ́ 19” gàdàgbà sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Ẹni tó balẹ̀ ní 12:15 lè gba ẹrù rẹ̀ kó sì kúrò ní pápákọ̀ ní bí aago méjì, kí èrò ìrọ̀lẹ́ tó kún Abúlé-Ẹ̀gbá. Bí ti yín bá ń balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ sùn sí Ìkẹjà, kí ẹ kúrò níbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀: àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó ni ọ̀nà há fún nígbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ẹ̀yin ń gbà.